Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Tí Mo Gé Kúrò

Òórùn téèpù fídíò tó ti gbóná nínú ẹ̀rọ kì í tán nímú ẹni bọ̀rọ̀. Bó bá ta sí mi nímú lónìí, ojú máa ń tì mí kí n tó rántí ìdí rẹ̀.

Láàrin àwọn ọdún 1990 ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé sí Òṣogbo, mo gba yàrá kan ní Ìgbọ̀nà, mo to ẹ̀rọ fídíò méjì àti tẹlifíṣọ̀n méjì sórí tábìlì, mo sì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé ọ̀gá nínú ẹ́dítìn, ìyẹn gígé fíìmù àti títò ó pọ̀, ni mí. Ọ̀gá kọ́, ọdún kan àbọ̀ péré ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnìkan tó ń ṣe ìpolówó ọjà fún tẹlifíṣọ̀n. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kí àwòrán má pẹ́ lójú. Kí ọṣẹ yọ, kí omi dà, kí obìnrin rẹ́rìn-ín, kó tán. Bàbá mi, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, dúró wo iṣẹ́ mi lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, “Ẹni tó bá fara balẹ̀ ló ń rí ìfun èèrà.” Mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó ni.

Ọkùnrin kan tó ní ẹgbẹ́ òṣèré nílùú ló gbé fíìmù àkọ́kọ́ rẹ̀ wá fún mi. Ọ̀gá ni gbogbo wa ń pè é. Màmá kan tó ti Iléṣà wá wà nínú fíìmù náà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tí wọn ò ṣeré rí ju eré Kérésì ìjọ wọn lọ. Ipa tiwọn kò gùn. Ìyá kan ni wọ́n ṣe, tó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé tó ń ṣa ẹ̀wà, tí wọ́n wá sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ti kú sójú ọ̀nà. Màmá ò pariwo. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ. Ọwọ́ wọn ń falẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dúró lórí ẹyọ kan. Wọ́n wò ó, wọ́n dá a padà sínú àwo, wọ́n mú òmíràn. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ohùn tó jáde lẹ́nu wọn.

Nígbà tí èmi wò ó, n kò rí ọ̀fọ̀ níbẹ̀. Ìfàsẹ́yìn ni mo rí. Mo ní ta ni yóò jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kó máa wo ẹ̀wà? Mo gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ojú màmá, ọwọ́, àwo, ẹnu ọ̀nà, ojú, ọwọ́. Kò sí èyí tó pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Mo wá fi orin tó ń dún gbì-gbì-gbì sí i nídìí. Gbogbo rẹ̀ di ìdajì ìṣẹ́jú. Mo fẹ̀yìn ti àga, mo ń yin ara mi.

Gbọ̀ngàn ìjọ màmá ní Iléṣà la ti kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Wọ́n fi aṣọ dí fèrèsé, wọ́n to tẹlifíṣọ̀n ńlá mẹ́ta síwájú. Màmá jókòó sí ìlà àkọ́kọ́ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ibi tí àwọn olè ti ń sá fún ọlọ́pàá ló ṣáájú ti màmá. Mo ti gé ibẹ̀ kíákíá, ó sì mú wọn lóòótọ́: àwọn ènìyàn ń dìde, wọ́n ń kígbe pé, “Mú un! Mú un!” Orí mi wú. N kò mọ̀ pé ara tí mo mú gbóná báyẹn kò ní tíì tutù kí ọ̀fọ̀ tó dé. Màmá yọ. Ọwọ́ wọn ń já lu àwo, orí wọn ń lọ sókè sódò, orin ń dún. Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn, “Ẹ wo ìyá yìí, ó ń ṣà á bí adìẹ!” Ilé bú sẹ́rìn-ín.

Mo wo iwájú. Àwọn obìnrin tó yí màmá ká ń gbìyànjú láti pa ẹ̀rín mọ́ra, ṣùgbọ́n èjìká wọn ń gbọ̀n. Màmá nìkan ni kò mira. Wọ́n gbé báàgì wọn lé itan, wọ́n ń wo ara wọn nínú tẹlifíṣọ̀n bí ẹni ń wo àlejò.

Nígbà tó parí, ọ̀gá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Inú ń bí i. “Kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín níbi ọ̀fọ̀?”

Mo mọ ìdáhùn. Ó ti yé mi láti ìgbà tí ẹ̀rín ti sọ. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, “Bí Màmá ṣe ṣe é náà ni mo ṣe gé e, sà. Ó jọ pé kámẹ́rà ń bà wọ́n lẹ́rù.”

N kò tíì panu dé tí mo fi rí i pé màmá ti dúró lẹ́yìn wa. Wọ́n gbọ́. Mo ń retí kí wọ́n já irọ́ mi. Ọ̀gá ni wọ́n kọjú sí. “Ẹ má bínú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé mi ò ṣe é dáadáa.” Ọ̀gá ní kò burú. Èmi ń wo bàtà mi.

Nínú fíìmù tó tẹ̀lé e, ọ̀gá fi ẹlòmíràn sípò màmá. Mo gbọ́ lẹ́nu àwọn òṣèré pé àwọn ọmọ àdúgbò ti sọ wọ́n ní Ìyá Adìẹ, pé wọn kì í jókòó síta níwájú ilé mọ́. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Téèpù náà ti wà lórí àtẹ ní Ọjà Ọba nígbà yẹn. Oṣù mẹ́rin gbáko, n kò sọ nǹkan kan. Ó há mi lọ́fun bí egungun ẹja, síbẹ̀ mo ń jẹun.

Téèpù ò pọ̀ láyé ìgbà náà. Èyí tí a bá ti lò, a máa ń ya nǹkan mìíràn lé e lórí. Ọ̀gá ní kí n pa àwọn ti àtijọ́ rẹ́ fún iṣẹ́ tuntun. Mo ti èyí tí wọ́n fi ya ipa màmá, odidi rẹ̀ tí n kò tíì gé, bọ ẹ̀rọ, mo ní kí n wò ó kó tó lọ. Lọ́tẹ̀ yìí n kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan. Mo gbọ́ ìró ẹ̀wà bó ṣe ń bọ́ sínú àwo, ẹyọ kan, ẹyọ kan. Mo gbọ́ ìgbà tó dáwọ́ dúró. Mo gbọ́ tí ẹni tó gbé kámẹ́rà fa imú, àwòrán sì gbọ̀n díẹ̀. Nígbà tí igbe màmá jáde níkẹyìn, mo rí i pé mo ti di etí tábìlì mú.

N kò pa á rẹ́. Mo dá a padà sínú fíìmù ní odidi, mo yọ orin kúrò, mo sì dẹwọ́ eré àwọn olè kí ara àwọn ènìyàn lè rọ̀ kí ọ̀fọ̀ tó dé. Nígbà tí wọ́n pè wá láti wá fi fíìmù náà hàn ní ilé ìwé kan ní Òṣú, téèpù yìí ni mo gbé lọ, n kò sọ fún ọ̀gá. Ní ìṣẹ́jú kìíní, àwọn kan ń wúkọ́. Ní ìkejì, gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Bàbá kan tó jókòó níwájú mi rọra ṣí fìlà. Nígbà tí màmá ké, obìnrin kan bá wọn ké láti ẹ̀yìn.

Ọ̀gá yíjú sí mi. “Kí lo ṣe sí i?”

“Ohun tí Màmá ṣe ni mo dá padà, sà. Èmi ni mo bà á jẹ́ níjọ́sí.”

Ó ní, “Kì í ṣe èmi ló yẹ kó o sọ ọ́ fún. Iléṣà ò jìnnà síbí.”

Mo lọ lọ́jọ́ kejì. Màmá fi èdè Ìjẹ̀ṣà kí mi káàbọ̀ sí ulé, wọ́n fún mi lómi. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, mo jẹ́wọ́. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

“Mo mọ̀,” wọ́n ní. “Èmi tí mo ṣe é, ṣé mi ò ní mọ bí mo ṣe ṣe é ni? Bí ìyá mi ṣe ṣe nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n wá túfọ̀ bàbá mi. Ó ṣa ẹ̀wà náà tán kó tó sunkún, torí pé àwa ọmọ ò tíì jẹun.”

Mo bi wọ́n pé, “Kí ló dé tí ẹ ò já irọ́ mi níwájú ọ̀gá, mà?”

“Olùkọ́ ni mí. Bí ọmọ bá parọ́, mo máa ń fún un láyè kó fẹnu ara rẹ̀ tú u. Ọ̀pọ̀ wọn kì í jẹ́ kó di ìgbà tí agogo ìjáde máa lù. Ìwọ pẹ́ díẹ̀.”

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá wo téèpù tuntun, kí wọ́n padà sínú eré. Wọ́n mirí. Wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n ìyá àwọn ni àwọn ènìyàn fi rẹ́rìn-ín, àwọn ò sì ní gbé e jáde mọ́.

Kọ̀ǹpútà ni mo fi ń gé fíìmù báyìí, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi a sì máa bi mí bó ṣe yẹ kí àwòrán pẹ́ tó lójú. N kò ní iye kan tí mo lè dá. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ fara balẹ̀ wo ẹni tó wà nínú rẹ̀ tán. Téèpù tí mo bà jẹ́ ló tàn kálẹ̀. Èyí tí mo tún ṣe kò ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ, ó sì ti bu nínú àpótí.

Nígbà tí màmá kú, mo lọ síbi ìsìnkú wọn, mo jókòó sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn béèrè bí mo ṣe mọ ìyá àwọn. Mo ní a jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ rí, mo sì fi ìyókù pa mọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gidigidi, ó bu oúnjẹ fún mi, mo sì jẹ ẹ́. Mo ti dàgbà nígbà náà. N kò lè sọ pé ọmọdé ló ń ṣe mí.