Ọjọ́ Tí Mo Já Bàbá Mi Nírọ́ Lórí Kànáfùrù

Òórùn kànáfùrù ló gba ilé kan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Eyín mi kan lápá ọ̀tún ti ń ro mí láti àná, ìyá mi sì ti lọ kànáfùrù díẹ̀ lórí ọlọ, ó fi òwú bù ú, ó ní kí n la ẹnu. Ó ta mí bí iná. Kò pẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kú tipiri, ìrora náà sì lọ. Òórùn yẹn borí kẹrosíìnì sítóòfù, ó borí èéfín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kọjá lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Ìsọlọ̀.

"Èyí tó kù nílé nìyẹn o," ìyá mi wí. "Tí o bá ti ilé ìwé dé, sáré lọ ra òmíràn wá ní Òṣòdì."

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Owó epo ń ya wọ ìlú nígbà náà, ilé iṣẹ́ tuntun ń dìde, àwọn àjèjì ń dé láti òkè òkun, àwọn aládùúgbò wa sì ń ra tẹlifíṣọ̀n. Ìwé ni bàbá mi ń ra ní tirẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni, tíṣà paraku, òun náà ló sì ń kọ́ kíláàsì wa. Nílé, bàbá mi ni. Tí a bá ti wọ ọgbà ilé ìwé, "sà" ni mò ń pè é bí gbogbo ọmọ yòókù. Ó ń kọ ìwé kékeré kan lórí ibi tí àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá ti ṣẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, tó ti fi ẹ̀rọ tẹ̀ sórí ojú ewé kìíní, ni kànáfùrù.

Ó ti kọ́ wa ní ti kànáfùrù yẹn lọ́sẹ̀ náà. Ó gbé ẹyọ kan sókè láàárín ìka méjì. "Ẹ wò ó dáadáa. Ṣé kò jọ ìṣó? Àwọn bàbá wa rí i, wọ́n ní 'kàn án'. Òórùn rẹ̀ wá fẹ́ fùrù, ni wọ́n bá pè é ní kànáfùrù. Ìwé atúmọ̀ èdè sọ pé ìṣó náà ni àwọn òyìnbó rí kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ!" Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Orí mi wú pé bàbá mi nìyẹn.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè pa ẹnu mọ́ nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Àlàájì Sání lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ẹ̀gbẹ́ ojú irin ní Òṣòdì ló ń pàtẹ sí, ó ń ta àlùbọ́sà, atalẹ̀ àti kànáfùrù. Bó ti ń wọn tèmi, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìṣó fún un látòkèdélẹ̀. Àlàájì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọmọ mi, láti Kánò ni mo ti ń gbé e wá, n kò rí ìṣó kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. *Kanumfari* là ń pè é nílé wa. Ẹnu ẹ̀yin Yorùbá ló sọ ọ́ di kànáfùrù."

"Ta ló wá sọ fún yín?"

"Ẹnu àwọn Lárúbáwá làwa náà ti gbọ́ ọ. Màlámù tó kọ́ mi ní kéú máa ń pè é ní *karanful*."

Mo tún un pè lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Karanful. Kanumfari. Kànáfùrù. Ara mi yá gágá! Àfi bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti aṣálẹ̀, tó ń pààrọ̀ aṣọ ní ìlú kọ̀ọ̀kan tó bá dé. Mo sáré láti Òṣòdì dé Ìsọlọ̀, mo ń pè é lẹ́nu kí n má bàa gbàgbé. Bàbá mi kò sí nílé. Ó lọ sí ìpàdé ìjọ, ó sì pẹ́ kó tó dé. Oorun ti gbé mi lọ, nígbà tí mo sì jí ní Ọjọ́bọ̀, ó ti lọ sí ilé ìwé.

Kò ṣeé ṣe fún mi láti dúró di ìgbà tí ilé ìwé bá parí lọ́jọ́ náà. Bí bàbá mi ṣe ń ké sí wa pé kí a tún ìtumọ̀ kànáfùrù sọ, mo ti fò dìde.

"Sà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá! Lọ́dọ̀ Haúsá la ti gbà á, Haúsá gbà á lọ́dọ̀ Lárúbáwá! Kò sí ìṣó níbẹ̀ rárá, sà!"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ni gbogbo wọn bá gbà á. Bàbá mi wò mí. N kò tíì rí irú ojú yẹn lára rẹ̀ rí. Ó ní, "Jókòó," ó sì bọ́ sórí ìṣirò.

Nígbà tí ìyá mi gbọ́, ó jókòó tì mí lórí ẹní. "Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò," ó wí. "Òótọ́ lo sọ, ṣùgbọ́n ṣé ibi tó yẹ kí o ti sọ ọ́ nìyẹn?" Mo sunkún. Bàbá mi kò bú mi, kò nà mí, kò sì bá mi sọ̀rọ̀. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Láàárọ̀ Sátidé, ó yọ sí mi lójijì. "Wọ bàtà rẹ. Mú mi lọ bá Àlàájì yẹn."

Mo ṣíwájú, ó ń tẹ̀lé mi. Bí a ti dé ibẹ̀, ó kí Àlàájì pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sọ fún èmi náà." Àlàájì sọ gbogbo rẹ̀. Obìnrin ará Íńdíà kan, tí ọkọ rẹ̀ ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé iṣẹ́ aṣọ, ń ra atalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Bàbá mi fi òyìnbó bi í pé kí ni wọ́n ń pe kànáfùrù nílé tiwọn.

"*Laung*," obìnrin náà wí.

"Laung!" Bàbá mi yí sí mi, ojú rẹ̀ ń dán. "Ìyẹn ò tiẹ̀ jọ ọ̀kankan nínú wọn!" Ó tọwọ́ bàpò, ó ń wá bírò. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé a ti parí ìjà. A jọ ń pe àwọn orúkọ náà dé ilé, èmi pè é, òun gbè é.

Ní Mọ́ńdè, ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sójú pátákó, ó kọjú sí àwọn ọmọ. "Mo ṣì yín lọ́nà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo rò pé mo mọ̀, n kò sì béèrè." Ó pe orúkọ mi, ó ní kí n wá ṣàlàyé. Inú mi ń dùn bí ẹni tí wọ́n gbé gun ẹṣin. Lálẹ́, ó fa ojú ewé kìíní ya, ó tẹ òmíràn.

Mo ti dàgbà ju bàbá mi ìgbà náà lọ báyìí. Èmi náà ṣe tíṣà, ní Èjìgbò. Lọ́dún tó ku díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì, ọmọbìnrin kan dìde ní kíláàsì mi, ó ní ohun tí mo kọ sójú pátákó kò tọ̀nà. Mo ní kó jókòó. Mo délé, mo yẹ ìwé wò, ọmọ náà ló jàre. Láti Ọjọ́bọ̀ sí Mọ́ńdè ni bàbá mi lò. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni èmi fi ń wá àyè, kí n tó dúró níwájú wọn, kí n sì jẹ́wọ́.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mà, mo ti rò pé ẹ ti gbàgbé."

N kò lè sọ fún un pé àdúrà tí mò ń gbà ni pé kí òun ti gbàgbé.