Ajá Àgbà Kì Í Gba Abẹ́rẹ́

Nígbà tí mo ṣì kéré nílé wa l'Ẹ́nu Ọwá, ojú tí àwọn àgbà fi ń wo ológbò kọ́ ni wọ́n fi ń wo ajá. Ológbò lè sùn sórí ẹní ìrun, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Ajá ní tirẹ̀, ìta ni. Bí itọ́ rẹ̀ bá kan aṣọ rẹ pẹ́nrẹ́n, ìyá wa á ní kí o lọ fọ̀ ọ́ kí o tó wọlé, ẹ̀wà àgànyìn rẹ ìbáà máa tutù lọ. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó mọ ohun tí mò ń sọ.

Bọ̀dá Múfú, àbúrò ìyá wa tó ń ta aṣọ ní Jankára, ló ni ajá ilé wa. Bámitálẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ẹnu géètì ló máa ń sùn sí, àwa ọmọdé la sì máa ń ju orí ẹja sí i.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni dókítà ẹran wá sí àdúgbò láti gún ajá àti ológbò ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní kí Bọ̀dá Múfú ṣáà bá òun di ajá mú. Bọ̀dá Múfú ti ṣe àlùwàlá tán. Ó wo aṣọ funfun ọrùn rẹ̀, ó wo itọ́ ẹnu Bámitálẹ́, ó ní, "Dókítà, ẹ má ṣèyọnu. Wọ́n ti gún un nígbà tó wà lọ́mọ. Ajá àgbà ni báyìí." Dókítà ní tọmọdé ti lọ, ọdọọdún ni. Ó ní ológbò ńkọ́? Ìyá wa ní ológbò mọ́. Ọkùnrin náà ní ẹran lè mọ́ kó sì tún lárùn, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà, a ń ṣeré tẹn-tẹn lẹ́nu géètì, Sìdí àbúrò mi tẹ ìrù Bámitálẹ́ mọ́lẹ̀, ajá sì bù ú jẹ lẹ́sẹ̀. Ìyá wa fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà títí apá fi ń ro wọ́n, wọ́n gbé e lọ ọsibítù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ fún un níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì béèrè bóyá ajá gba abẹ́rẹ́ lọ́dún yẹn. Bọ̀dá Múfú ní kò gbà á. Nọ́ọ̀sì ní kí a so ajá náà, kí a máa ṣọ́ ọ, bí kò bá lè mumi mọ́, kí a sáré wá sọ.

Ta ló gbọ́ pé dìgbòlugi mú ènìyàn, tó sì san? Màá jókòó, màá tún dìde. Ìyá wa á gbé ìrẹsì kaná, wọ́n á fi í sílẹ̀ lọ yọjú wo ajá. Ìrẹsì á jóná, àá sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Bọ̀dá Múfú ò lọ ìsọ̀ mọ́. Sìdí nìkan ló ń yọ wá lẹ́nu pé òun fẹ́ jáde lọ ṣeré.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bámitálẹ́ kọ omi. A fi igi sún abọ́ mọ́ ọn, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bọ̀dá Múfú káwọ́ lérí, ó ní, "Mo gbé. Mo ti kó bá ọmọ ọlọ́mọ."

Ìyá wa fi igi fa abọ́ náà sọ́dọ̀, wọ́n wo inú rẹ̀ dáadáa. Láti ìgbà tí a ti so ajá yẹn, a kàn ń da omi lé omi ni. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan abọ́ ajá. Ó ti ń yọ̀, ó ń rùn. Wọ́n ní, "Omi wà, ọṣẹ wà, màá fọwọ́ mi." Wọ́n fọ abọ́ náà mọ́ tónítóní, wọ́n bu omi tuntun sí i, wọ́n sún un padà. Bámitálẹ́ lá omi náà tán. Ìyá wa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń sunkún.

Ajá yẹn ò ṣàìsàn rárá. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ní a lè tú u sílẹ̀, Bọ̀dá Múfú fúnra rẹ̀ gbá a mọ́ra lọ gba abẹ́rẹ́, ìyá wa sì gbé ológbò sínú agbọ̀n tẹ̀ lé e.

Lóde òní, dókítà ẹran ò ju kí o pè é lórí fóònù lọ. Ajá àwọn ọmọ mi ń wọ pálọ̀, kò sẹ́ni tó ń lé e. Àmọ́ lọ́jọ́ kan báyìí, aládùúgbò mi kan ń sọ fún mi pé kí n yéé ná ìnákúnàá, pé ajá tó ti dàgbà kì í gba abẹ́rẹ́. Mo fẹ́ fèsì. Sìdí tó wá kí mi ti ká ìró sókè, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ọkùnrin náà.

Ó ní, "Ẹ wo àpá yìí dáadáa, sà. Ajá àgbà ló ṣe é."