Ọ̀já Àlàdé Afẹ́fẹ́

Kò sẹ́ni tó mọ Bàbá Àtàndá n'Ífẹ̀ tí kò mọ ti ọjọ́ tó dá sinimá dúró. Fíìmù tí àwọn kan fi kọ́míìkì rẹ̀ ṣe ni wọ́n ń fi hàn, kọ́míìkì Àlàdé Afẹ́fẹ́, akọni tó ń fò lórí òrùlé ìlú. Bí Àlàdé ṣe yọ pẹ̀lú aṣọ pupa tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ báyìí, bàbá dìde fùú, ó na ọ̀pá sókè.

"Ẹ dá a dúró! Ọ̀já ẹ̀ dà?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," ni ẹni tó ń mójú tó gbọ̀ngàn bẹ̀ ẹ́.

"Kí n jókòó? Ẹ gba ọ̀já lọ́wọ́ ọmọ mi, ẹ wá so aṣọ ojú fèrèsé mọ́ ọn lọ́rùn!"

Ìmísí, tí òun náà ń ṣe fíìmù, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn ún, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bàbá jàre. Láti kékeré ló ti ń ka ìwé náà. Àlàdé ò ní agbára kankan fúnra rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú, ó fi ọ̀já tó fi ń pọ̀n ọ́n sílẹ̀. Bí Àlàdé bá ti so ó mọ́ àyà, ìyá rẹ̀ ló ń pọ̀n ọ́n káàkiri ojú ọ̀run.

Ló bá lọ bẹ bàbá pé kó jẹ́ kí òun tún fíìmù náà ṣe.

"Ṣùgbọ́n sinimá yàtọ̀ sí ìwé o, Bàbá."

"Mo mọ̀. Yí ilé padà, yí ọ̀tá padà, kódà fún un ní ọ̀kadà. Má ṣáà gba ìyá ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀."

Ìmísí ra ọ̀já tuntun wá. Bàbá gbé e símú, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ọmọ ò tíì tọ̀ sí èyí rí. Aṣọ lásán ni. Gbé e lọ."

Ni Ìmísí bá kọjá sí Mọdákẹ́kẹ́, ó lọ bẹ ìyá tirẹ̀ fún ọ̀já tó fi pọ̀n òun.

Sábó ni wọ́n ti ń ya fíìmù náà, láàárín àwọn àgùntàn Abdulwaheed tó ń ta ẹran níbẹ̀. Olúwatóbi, ọmọ yunifásítì tó ń ṣe Àlàdé, so ọ̀já mọ́ ìdí bí ẹni fẹ́ jó. Háà! Bàbá, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, gba ọ̀já, ó bẹ̀rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ àgùntàn kan lé òun lẹ́yìn. Ó pọ̀n ọ́n, ó so ó gírígírí mọ́ àyà, ó sì ń jó kiri. Nígbà tó yá, ọmọ àgùntàn sùn lọ fọnfọn.

"Wàláì, Bàbá, oníbàárà ń dúró de àgùntàn yẹn," ni Abdulwaheed wí.

"Ṣé wọ́n máa ń jí ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn ìyá ẹ̀ nílé yín ni?"

Oníbàárà lọ, ọmọ àgùntàn ṣì ń sùn.

Lọ́jọ́ yẹn ni bàbá sọ fún Ìmísí pé ọmọ ọdún mẹ́fà ni òun nígbà tí ìyá òun kú. "Wọ́n ń pè mí ní ayàwòrán akọni. Ìyá mi ni mo ń yà o, Ìmísí. Mi ò rántí ojú ẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn ẹ̀ nìkan ni mo rántí."

Ó ku ìran kan kí fíìmù parí nígbà tí bàbá kú. Ó dun Ìmísí wọra. Tẹkúntẹkún ni wọ́n fi ya ìran náà.

Gbọ̀ngàn ọjọ́sí náà ni wọ́n ti fi fíìmù tuntun náà hàn. Wọ́n fi àga bàbá sílẹ̀ níwájú. Gbogbo ìgbà tí Àlàdé bá fò ni etí Ìmísí ń wá ohùn bàbá, kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ìran ìkẹyìn wá dé. Yéè! Ìdí ni Olúwatóbi so ọ̀já mọ́, kò sì sẹ́ni tó kíyè sí i láàárín ẹkún lọ́jọ́ tí wọ́n yà á. Kí Ìmísí tó mọ̀, ó ti dìde.

"Ẹ dá a dúró!"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá ti dé o!" ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn, ẹ̀rín náà sì rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n padà sí Sábó láti tún un yà. Olúwatóbi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ so ọ̀já mọ́ àyà. Kò sẹ́ni tó bẹ Abdulwaheed níṣẹ́, àfi bó ṣe gbé ọmọ àgùntàn kan wá, tó sì rọra gbé e lé Olúwatóbi lẹ́yìn.

"Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sùn ná," ló wí. "Ohun tí Bàbá máa sọ nìyẹn."