Ẹ Jókòó, Kí Lẹ Fẹ́ Kà?

Ìyá Oníwèé là ń pe ẹ̀gbọ́n mi ní yunifásítì. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ yàrá tí wọ́n ń kó ìwé ìwádìí sí wà. Ẹni tó bá fẹ́ kà á, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló máa wá. Á ní, "Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó, kí lẹ fẹ́ kà?" Kí onítọ̀hún tó dìde, ẹ̀gbọ́n mi á ti mọ orúkọ ìyá rẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn aláṣẹ ní kó kó gbogbo ìwádìí náà sórí ayélujára, kí ẹnikẹ́ni lè máa kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ya àwọn ìwé náà sínú kọ̀ǹpútà títí ẹ̀yìn fi ń ro ó. Wọ́n ní kó kọ ọ̀rọ̀ ìkíni sójú ewé tí òǹkàwé máa kọ́kọ́ rí níbẹ̀. Ohun tó máa ń sọ náà ló kọ. Ọ̀gá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ta ló ń jókòó lórí ayélujára?"

Mo lọ kí i lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní gbogbo ayé ló ń ka ìwé náà báyìí, àmọ́ ayé ọ̀hún ò yọjú. Yàrá dá páropáro, eruku bo àga àlejò. Inú bí mi. Ta ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ lé àlejò lọ? Mo fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò tíì rí mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó tan kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yọ síta: "Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó, kí lẹ fẹ́ kà?"

Ẹ̀gbọ́n mi fa àga sún mọ́ ọn.

"Ẹ ṣé," ló wí. "Mo ti jókòó."