Ẹsẹ̀ Tí Kò Dùn Mí

Ooru díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé nǹkan kò lọ bó ṣe yẹ, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé Tchatchou. Kò dùn mí. Ibẹ̀ kàn gbóná, ó pupa, kò sì tóbi ju bọ́tìnnì lọ.

Ṣakí ni mo ń gbé ní Nàìjíríà. Aṣọ ni mo ń rán, lórí ẹ̀rọ tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Mo sọdá ẹnubodè wá sí Benin nítorí Ràfíátù, àbúrò mi tó lọ́kọ sí Tchatchou, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo dé, mo rí aláǹtakùn kan lára ògiri yàrá tí wọ́n fún mi. Ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi, irun sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo bọ́ bàtà kan, mo nà án sókè. Ìyá ọkọ Ràfíátù, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá, di ọwọ́ mi mú.

"Má pa á! Aláǹtakùn ló tawú dí ẹnu ihò tí Ànọ́bì sá pamọ́ sí. A kì í pa á nílé yìí."

"Màmá, ó mà tóbi o."

"Ṣé kò sí aláǹtakùn ní Ṣakí ni? Ẹ̀yin ará Nàìjíríà, ariwo yín ti pọ̀ jù!"

Ràfíátù rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mùsùlùmí ni mí, mo mọ ìtàn náà. Mo wọ bàtà mi padà.

Nítorí náà, nígbà tí mo fi ẹsẹ̀ hàn wọ́n lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó rò pé ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn ju pé aláǹtakùn yẹn ló jẹ mí. Màmá mú òkúta dúdú wá, èyí tí wọ́n fi ń fa oró ejò àti àkeekèé. Ó fi abẹ sín gbẹ́rẹ́ mẹ́ta sí ojú ibẹ̀, ó gbé òkúta lé e, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ìlànà rẹ̀ ni pé a kì í ṣí i kúrò. Bí oró bá tán, yóò jábọ́ fúnra rẹ̀. A wá fi aṣọ dì í kí n má baà fi gbá nǹkan.

Ọjọ́ mẹ́rin la fi dúró de òkúta tí a ti fi aṣọ so, pé kó jábọ́.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́?" ni Màmá máa ń bi mí láràárọ̀.

"Rárá, Màmá."

"Ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn."

Ẹsẹ̀ wú dé orókún, síbẹ̀ mo gbà á gbọ́, torí kò dùn mí. Ní ọjọ́ karùn-ún, òtútù mú mi, mo ń gbọ̀n, òórùn kan sì ń jáde lára mi. Ràfíátù tú aṣọ náà, ó sì figbe ta. Ọkọ rẹ̀ fi alùpùpù gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ní Tchaourou. Wọn kò dá mi dúró níbẹ̀. Parakou ni wọ́n ní ká máa lọ.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní Parakou títí oòrùn fi yẹ̀. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dìde jẹ́ẹ́jẹ́, ó lọ jókòó síbòmíràn. Mo mọ ìdí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gún mi níka, ó wo ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, ó tún gún òmíràn. Dókítà tó wá gbọ́ Nàgó, Yorùbá ti ọ̀dọ̀ wọn níbẹ̀. Tata ló ń pè mí, bí a ṣe ń pe àǹtí.

"Tata, ṣé ẹ rí aláǹtakùn yẹn nígbà tó ń jẹ yín?"

Mo ní rárá. Ara ògiri nìkan ni mo ti rí i.

Ó wá sọ fún mi pé àtọ̀gbẹ ló wà lára mi tí n kò mọ̀. Ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń pa àwọn iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ, díẹ̀díẹ̀, títí ẹsẹ̀ kò fi ní lè ké mọ́. Ó lè jẹ́ pé bàtà ìrìn àjò ló ha mí lára. Kòkòrò àìsàn gba ibẹ̀ wọlé, gbẹ́rẹ́ sì tún ṣílẹ̀kùn mìíràn fún un. Ẹran ara ti kú, ó ti ń jẹrà. Gangrène ni wọ́n ń pe èyí. Àmì ti wà tẹ́lẹ̀, mo kàn ń pè é ní àgbà ni: òùngbẹ, ìtọ̀ lemọ́lemọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ tó dà bíi pé orí òwú ni mo ń rìn. Ẹni tó bá ń rí irú èyí, kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Wọ́n gé ìka méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà wọ́n gé ẹ̀kẹta, pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní bí kò bá dúró, orókún ló kàn. Mo kọjú sí ògiri. Ràfíátù gbé kóókò, ẹ̀kọ mímu wọn, sí mi lẹ́nu, mo pa ẹnu dé. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí n má jí mọ́. Mo kọ ọ́ síbí torí ẹnì kan lè wà lórí ibùsùn báyìí tó rò pé òun nìkan ló ń gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀.

Màmá wá láti Tchatchou, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Èmi ni mo ní kí o má pa á. Dárí jì mí."

"Kì í ṣe aláǹtakùn, Màmá."

"Kí wá ni?"

Mo fa aṣọ ìbora bo ẹsẹ̀ náà. Bí mo bá dáhùn, abẹ ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa dárúkọ, àti ẹnu tèmi tó ń sọ láràárọ̀ pé kò dùn mí. Ó sunkún lọ sílé. Títí di òní, n kò tíì sọ fún un.

Orókún mi ṣì wà. Ó gba oṣù mẹ́ta kí ojú egbò náà tó pa dé. Mo ń tiro, abẹ́rẹ́ ni mo ń gbà lójoojúmọ́, tí ọ̀sán bá sì pọ́n, ẹsẹ̀ mi kì í lè tẹ ẹ̀rọ mọ́. N kò lè pè é ní ìwòsàn pátápátá. Ara tí mo rò pé mo mọ̀ ti ń kú lábẹ́ mi, kò sì sọ fún mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gún gún mi ní gìgísẹ̀ ọ̀tún. Ó dùn mí dé ọkàn. Mo jókòó sílẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ náà mú, mo ní alhamdulilaah, mo sì bú sẹ́kún.