Ìbéèrè Ọmọ Ìyá Onílé Wa

Ọmọ ìyá onílé wa ń wa bàálù. Bí ó bá wá sinmi ní Ìwó, kì í gun ọ̀kadà láìkọ́kọ́ bi ọlọ́kadà pé, "Ṣé o sùn dáadáa?" Wọn a máa fi í rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kadà lẹ fẹ́ gùn, kì í ṣe bàálù."

Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń ra bàálù kún bàálù, ṣùgbọ́n awakọ̀ kò tó. Ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ kan, ọ̀gá rẹ̀ pè é, a sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù: bí kò bá wá fò, ẹlòmíràn ni yóò gba ipò ọ̀gá awakọ̀ tí wọ́n ṣèlérí fún un.

"Ẹ má bínú, sà," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Ó ṣì rẹ̀ mí. N kò lè gbé ènìyàn sókè báyìí."

Ìyá rẹ̀ pòṣé. "Oorun lo fi ipò pààrọ̀?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sùn ná, Màmá."

Ẹlòmíràn gba ipò náà lóòótọ́. N kò gbọ́ kí ó ráhùn rí.

Nígbà tí Màmá ń lọ sí Mẹ́kà, èmi ni mo sìn wọ́n dé pápákọ̀ òfurufú. Wọ́n dúró níwájú òṣìṣẹ́ tí ó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò, wọn kò tètè kọjá.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí fún òṣìṣẹ́ náà, "ẹni tí yóò gbé wa yìí, ṣé ó sùn dáadáa?"