Ọjọ́ Tí Àwọn Aláró Pọn Igi Ìrókò

Ọjọ́ tí àwọn ìyá aláró pọn igi bí ọmọ ni n kò lè gbàgbé láyé mi.

Abẹ́ ìrókò kan ní àdúgbò wa l'Ábẹ́òkúta ni wọ́n ti ń rẹ aṣọ. Bàbá mi, káfíńtà ìjọ, fẹ́ gé igi náà fún òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tuntun. Láàárọ̀ tó gbé àáké débẹ̀, àwọn obìnrin náà ti so ọ̀já ìpọnmọ wọn pọ̀, wọ́n fi pọn igi náà, wọ́n ń jó yí i ká, wọ́n ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Gbogbo àdúgbò ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ojú sì ń tì mí, torí ìyá bàbá mi ló ṣáájú wọn.

Bàbá mi gbé àáké sókè. Ẹ̀rín dá.

Ìyá àgbà di ọ̀já kan mú. Ó ní, "Àkànní, èyí ni mo fi pọ̀n ọ́ nígbà tí ogun lé wa. Ó yá, gé e."

Àáké bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ aró. "Ẹ má bínú, ìyá mi."

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, òjò ká wa mọ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì tí kò lórùlé. Ìyá àgbà, tí kò fẹsẹ̀ tẹ ṣọ́ọ̀ṣì rí, wá jókòó ti ọmọ rẹ̀, òjò sì pa òun náà.